Ohun tí iṣẹ́ ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ mi nípa ká ṣèjọba ara wa láìrẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iṣẹ́ tí ò mówó wọlé ò lè dá ìjà sílẹ̀. Irọ́ ni o. Níbi tí owó oṣù wà, ọ̀gá lè ní ẹ ṣe tibí ẹ má ṣe tọ̀hún, ẹ ó sì gbà torí oúnjẹ. Níbi iṣẹ́ ọ̀fẹ́, kò sẹ́ni tó gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́, dátà tiwa la fi ń ṣe é, àsìkò oorun wa la fi ń ṣe é, ìdí nìyẹn tó fi máa ń dunni wọnú eegun tẹ́nìkan bá ṣàdédé pa ohun téèyàn kọ rẹ́ láìṣàlàyé. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti wà nínú irú iṣẹ́ yìí l'Òṣogbo níbí, à ń kọ àyọkà sórí Wikipedia Yorùbá (ìwé ìmọ̀ ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tẹ́nikẹ́ni lè kọ sí), à ń ya fọ́tò, à ń fi orúkọ òpópónà sórí máàpù OpenStreetMap láti Òkè-Fìà dé Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí bá a ṣe ń kọ àyọkà lónìí, bá a ṣe ń ṣèjọba ara wa ni mo fẹ́ sọ, torí mo ti rí i pé ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń kú sí.

Ẹgbẹ́ wa ò tóbi, ṣùgbọ́n a ò jọra rárá. Akẹ́kọ̀ọ́ UNIOSUN wà níbẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì wà níbẹ̀, télọ̀ kan wà láti Alẹ́kúwodò tó jẹ́ pé orí fóònù ló ti ń ṣe gbogbo tiẹ̀. Ìjẹ̀ṣà wà, ará Ìlá tó ń sọ Ìgbómìnà wà, ọmọ Ẹdẹ wà, àwọn tó ti lọ sí London àti Kánádà náà ṣì wà lórí grúùpù WhatsApp wa. Tẹ́ ẹ bá wá wo Wikipedia fúnra ẹ̀, èdè tó wà níbẹ̀ lé ní 300, ti Gẹ̀ẹ́sì ní àyọkà tó lé ní mílíọ̀nù méje, tiwa ṣì wà ní 30,000 lé díẹ̀, síbẹ̀ òfin tó bá jáde látòkè, gbogbo wa ló kàn.

Èyí tó kọ́kọ́ là mí lójú ni ọ̀rọ̀ ìbò. Ẹnìkan nínú wa kọ̀wé nípa ọdún Ọ̀ṣun. Gbogbo ẹni tó ń gbé Òṣogbo ló mọ bí ìlú ṣe máa ń kún lóṣù kẹjọ, igbó Ọ̀ṣun sì ti wà lára ibi tí UNESCO kà sí ogún gbogbo ayé láti 2005. Ẹni yẹn wá pe àwọn olùsìn Ọ̀ṣun ní kèfèrí nínú ohun tó kọ, ó tún fi ìwàásù tì í, ẹlòmíì yọ ọ́, ó dá a padà, wọ́n tún yọ ọ́, ó tún dá a padà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tọ́rọ̀ dé grúùpù, kíá làwọn kan ti ní ká dìbò, kí ìhà tó bá pọ̀ jù borí, kọ́rọ̀ tán. Ó dà bíi pé ó dáa, àbí? Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tó máa dìbò yẹn: Mùsùlùmí àti Kírísítẹ́nì ni gbogbo wa pátá, kò sí olùsìn Ọ̀ṣun kan ṣoṣo láàárín wa. Àwọn olùsìn yẹn á fìdí rẹmi lónìí, wọ́n á fìdí rẹmi lọ́la, wọ́n á tún fìdí rẹmi lọ́túnla, kì í ṣe torí pé wọn ò lẹ́jọ́, torí pé wọn ò lérò ni.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì yẹn ló béèrè pé, "Ta lọ̀rọ̀ yìí kàn tí kò sí níbí?" Ìbéèrè yẹn ló dá wa dúró. Wọ́n lọ bá ìyá kan n'Ísàlẹ̀ Ọ̀ṣun, wọ́n bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá wa dá sí i, ìyá sì gba fóònù ọmọ wọn, wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ sí wa. Wọ́n ní, "Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rí tá à ń ṣe, ẹ kọ ohun tá a fẹnu wa sọ. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má kọ ohun tẹ́ ẹ kàn rò pé ó wà nínú wa." Wọn ò ní ká máa yin Ọ̀ṣun, wọn ò bú ẹnikẹ́ni. Lóòótọ́ Wikipedia ò gba ọ̀rọ̀ ẹnu lásán bí ẹ̀rí, ohun tí wọ́n ti tẹ̀ jáde ló ń gbà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tá a gbọ́ tẹnu wọn la tó mọ irú ìwé tó yẹ ká lọ wá. Láti ìgbà yẹn, a kì í dìbò lórí ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn kan láìjẹ́ pé a ti wá ọ̀kan nínú wọn rí, tá ò bá sì rí i, a ò ní dìbò, a máa kọ ìwọ̀nba tí ẹ̀rí gbé. Wikipedia gan-an ti ronú kan ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú wa, ìlànà wà níbẹ̀ pé àyọkà ò gbọ́dọ̀ gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, kò sì sí èdè kankan tó lè kóra jọ dìbò kí wọ́n fagi lé ìlànà yẹn. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń bí mi nínú pé kí ló dé tí nǹkan kan á fi wà tá ò lè dìbò lé lórí. Ó ti yé mi báyìí. Ààbò ẹni tí ò lérò ni.

Àwọn kan á ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, ká fi ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kó máa bójú tó ara ẹ̀, ṣebí àwọn ló mọ èdè wọn, àwọn ló mọ ìlú wọn. Èmi náà fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí Wikipedia èdè Croatia. Àwọn ádímìn díẹ̀ (àwọn tí wọ́n fún lágbára láti pa àyọkà rẹ́ kí wọ́n sì ti èèyàn síta) tí èrò òṣèlú wọn pa pọ̀ gba ibẹ̀ mọ́ gbogbo àwọn tó kù lọ́wọ́, wọ́n ń yí ìtàn Ogun Àgbáyé Kejì padà kó lè bá tiwọn mu, ẹni tó bá ta kò wọ́n, wọ́n á bílọ́ọ̀kì ẹ̀. Ní 2013, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yẹn fúnra ẹ̀ jáde sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n má lò ó. 2013 o! Síbẹ̀ ó di nǹkan bíi 2020 kí wọ́n tó rí àwọn ádímìn yẹn mú kúrò, ìwádìí tí Wikimedia Foundation, àjọ tó ń bójú tó Wikipedia àtàwọn iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ń pè lápapọ̀ ní Wikimedia, ṣe sórí ẹ̀ sì jáde ní 2021. Ní gbogbo ọdún tó wà láàárín yẹn, àwọn tí wọ́n ń rẹ́ jẹ ń ké, ṣùgbọ́n ta ni wọ́n fẹ́ ké sí? Àwọn tí wọ́n fẹ́ fẹjọ́ wọn sùn náà ló jókòó sórí àga ìdájọ́.

Ti Scots, èdè kan ní Scotland, tún yàtọ̀. Ní 2020 ni àṣírí tú pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún àyọkà tó wà níbẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà kan tí kò gbọ́ èdè náà ló kọ ọ́, ọmọdé ló sì jẹ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Kò ṣe é pẹ̀lú èrò ibi, àwọn tó gbọ́ èdè náà ni ò pọ̀ tó níbẹ̀ láti pè é jókòó. Ohun tó dùn mí jù nínú ẹ̀ ni bí àwọn èèyàn ṣe wá ya bo ọmọ yẹn tí wọ́n ń bú u kiri íntánẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn náà kì í ṣe ìdájọ́. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ ọmọ Yorùbá tẹ́ ẹ sì ní dátà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya wá ka àyọkà tó wà lórí tiwa, torí èdè tí àwọn tó ni ín ò bá bójú tó, ẹlòmíì á bá wọn tò ó bó ṣe wù ú.

Wàyí o, kí ẹni òkè ṣàdédé já wọlé náà léwu. Ní oṣù kẹfà 2019, Wikimedia Foundation fòfin de ádímìn kan lórí Wikipedia Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún kan gbáko, wọn ò sọ ẹni tó fẹjọ́ sùn, wọn ò kó ẹ̀rí síta, ìgbìmọ̀ adájọ́ tí àwọn oníṣẹ́ ọ̀fẹ́ ibẹ̀ dìbò yàn ò sì lọ́wọ́ sí i. Ìlú dàrú. Àwọn ádímìn tó lé ní ogún kọ̀wé fipò sílẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n kó ọ̀rọ̀ náà fún ìgbìmọ̀ yẹn, ìgbìmọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fagi lé òfin ọlọ́dún kan yẹn lóṣù kẹsàn-án, ṣùgbọ́n wọn ò dá ipò ádímìn padà fún un. Àwọn kan ní ṣebí ibì kan náà ni wọ́n padà dé. Èmi ò gbà. Ìdájọ́ tẹ́ ẹ rí bí wọ́n ṣe dá a, kódà tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ó lè bá a gbé.

Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì sí wa l'Òṣogbo. Tí tẹ̀gbọ́n tàbúrò bá ń jà lórí ilẹ̀, baálé agboolé ló ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ, tí ò bá yanjú, ó di ọ̀dọ̀ olóyè àdúgbò, tó bá tún kọ̀, ó di ààfin Àtáọ́ja. Ààfin ò ní ránṣẹ́ wá pe yín lọ́jọ́ tí ìjà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nílé yín, ṣùgbọ́n baálé náà mọ̀ pé tóun bá ṣègbè, ẹ mọ ọ̀nà ààfin. Òun ló ń jẹ́ kí baálé fara balẹ̀. Bí àwọn tí wọ́n ń pè ní steward ṣe wà fún Wikimedia nìyẹn. Oníṣẹ́ ọ̀fẹ́ làwọn náà, ìbò ni wọ́n fi ń yàn wọ́n lọ́dọọdún, ẹni tí kò bá rí 80% ìbò, tàbí tí àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ò bá tó 30, kò lè wọlé. Wọ́n lágbára lórí gbogbo èdè, ṣùgbọ́n níbi tí àwọn onílé bá ti lè ṣe é fúnra wọn, wọn kì í dá sí i.

Ní tòótọ́, ohun tó jẹ́ kí n máa tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ òfin báyìí ni ọmọbìnrin kan tá a jọ wà nínú ẹgbẹ́ iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kan tẹ́lẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan níbẹ̀ ń fi ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ ránṣẹ́ sí i lóru, kò lè wí. Ẹni tó tó bàbá ẹ, ẹni tó kọ́ gbogbo wọn níṣẹ́, ẹni tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ kí, níbo ló ti fẹ́ la ẹnu ẹ̀? Ó kàn dákẹ́, ó sì kúrò. Ìgbà tó kúrò tán ni ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan sọ fún wa. Ẹ wo bí ẹ̀kọ́ ilé tá a fi ń yangàn ṣe lè di ìbòrí fún ìwà burúkú tí kò bá sí ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tí ọmọdé lè gbà sọ tẹnu ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí wọ́n gbé òfin ìwà tí wọ́n ń pè ní Universal Code of Conduct jáde ní 2021, òfin kan náà fún gbogbo èdè. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe máa mú un ṣẹ ló gba àsìkò. Wọ́n dìbò lórí ìlànà yẹn ní 2022, nǹkan bíi 58% ló gbà á. Ó ti wọlé nìyẹn o, wọ́n lè ní ó tó, síbẹ̀ wọ́n ka ohun tí àwọn tó kọ̀ ọ́ kọ sílẹ̀, wọ́n rí i pé ẹ̀rù ń ba ọ̀pọ̀ nínú wọn pé torí kí wọ́n lè bo ẹni tó fẹjọ́ sùn láṣìírí, wọ́n lè dá ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn lẹ́bi láì jẹ́ kó gbọ́ ohun tó ṣe, wọ́n sì tún rí i pé èdè òfin náà le jù fún ìtumọ̀. Wọ́n tún un kọ. Nígbà tí wọ́n padà dìbò ní 2023, ó fò sí nǹkan bíi 76%. Mo máa ń fi èyí ṣàpẹẹrẹ fún àwọn ará ẹgbẹ́ wa gan-an. Ẹni tó borí tó tún padà lọ gbọ́ ti ẹni tó pàdánù, kì í ṣe òmùgọ̀.

A mú nínú ẹ̀ lò. Ẹni méjì ló ń gba ẹjọ́ ní ìkọ̀kọ̀, ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ obìnrin. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọ́n ní ó ṣe kí wọ́n tó dá a lẹ́jọ́, torí agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tó bá ti bá èèyàn jà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó máa bílọ́ọ̀kì ẹ̀, kó pe ẹlòmíì. Ìyà sì ní ìpele, a kì í fi ọ̀pá àsíá pa eṣinṣin: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tó lọ ṣe kọ́pì látinú ìwé ìròyìn, ẹ kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀, tó bá tún ṣe é ẹ dá a dúró fọ́jọ́ díẹ̀. Mo mọ ẹnìkan tí wọ́n tì síta títí láé nínú iṣẹ́ kan lórí ohun tí àlàyé kékeré ò bá tún ṣe, ọmọ yẹn gbọ́ Yorùbá ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ, kò sì padà wá mọ́.

Ọ̀rọ̀ iná àti dátà náà ń bẹ níbẹ̀, àwọn tó ń ṣòfin kì í sábà rántí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi mítíìnì sí aago mẹ́sàn-án alẹ́ lórí Zoom, ará London á wọlé, ará Kánádà á wọlé, ará Òṣogbo tí wọ́n ti mú iná lọ ládùúgbò ẹ̀, tí fóònù ẹ̀ ku díẹ̀ kó kú, á wá jí lówùúrọ̀ láti gbọ́ pé "ẹgbẹ́ ti pinnu". Ẹgbẹ́ wo? A ti jẹ́ kó di òfin pé kò sí ìpinnu tó ń parí sí mítíìnì, a máa kọ ọ́ sílẹ̀ lédè Yorùbá, a máa fi ohùn sọ ọ́ pẹ̀lú fún àwọn tí kíkà ò rọrùn fún, á wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko kó tó fìdí múlẹ̀. Àwọn kan ní ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Ó ń fà á lóòótọ́, ó dẹ̀ tọ́ bẹ́ẹ̀. Kódà ìbò àwọn aláṣẹ Wikimedia náà ní tiẹ̀, èèyàn gbọ́dọ̀ ti ṣe àtúnṣe 300 kó sì ti ṣe 20 láàárín oṣù mẹ́fà tó ṣáájú ìbò. Mo mọ ìdí ẹ̀, kí àwọn oníjìbìtì má bàa kó àkáǹtì ayédèrú wọlé. Ṣùgbọ́n télọ̀ tó ń tò 20 yẹn jọ lórí fóònù pẹ̀lú dátà tó ń rà díẹ̀díẹ̀, ohun tí ẹ̀tọ́ yẹn ná an ju ti ẹni tó ní Wi-Fi nílé lọ fíìfíì.

Owó ní tiẹ̀, ṣókí ni màá sọ. Ibi tí ìdíje àti ẹ̀bùn bá ti wọlé, ẹni tó ń pín dátà ò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń ka máàkì, ẹni tó ń ka máàkì ò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ádímìn tó ń gbọ́ ẹjọ́. Mo ti rí i níbi kan tó jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo ló di gbogbo ẹ̀ mú, kò jalè o, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ fún un pé ohun tó ṣe ò dáa, torí ta ló fẹ́ pàdánù dátà oṣù tó ń bọ̀?

Ipò ádímìn náà, kì í ṣe oyè ìdílé. Láti 2013 ni Wikimedia ti fi òfin lé e pé ádímìn tí kò bá ṣe nǹkan kan fún ọdún méjì, kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ níbi tí àwọn onílé ò bá ti ní ìlànà tiwọn. Inú máa ń bí àwọn àgbà kan sí i, wọ́n ní wọ́n fi àbùkù kan àwọn. Kò sí àbùkù níbẹ̀, tí wọ́n bá ti padà síṣẹ́, wọ́n lè tún tọrọ ẹ̀.

Mi ò ní purọ́ pé gbogbo nǹkan ti dára lókè lọ́hùn-ún. Ní 2024, nígbà tí wọ́n kọ ìwé òfin àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Movement Charter, ohun tó lé ní 73% nínú àwọn tó dìbò lẹ́nìkọ̀ọ̀kan ló fọwọ́ sí i, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ẹgbẹ́ náà fọwọ́ sí i, àwọn aláṣẹ Foundation ní àwọn ò gbà, ibẹ̀ ló sì parí sí. Àwọn aláṣẹ sọ ìdí wọn, mi ò ní kò sọ́gbọ́n nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dùn mí. Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹ lè kọ ohun tí àwọn èèyàn bá mú wá, àsìkò tí wọ́n ń kọ ọ́ lọ́wọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ jà, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ ọ́ tán. Lọ́dún kan náà yẹn, wọ́n yan ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó òfin ìwà yẹn, àga 16, mẹ́jọ nínú ẹ̀ jẹ́ ti ẹkùn mẹ́jọ lágbàáyé, àga kan fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan, èèyàn tó bá ti iṣẹ́ Wikimedia kan náà wá (bíi Wikipedia èdè kan) ò gbọ́dọ̀ ju méjì lọ, ẹni tí kò bá rí 60% ò wọlé. Ẹni méje péré ló wọlé nígbà àkọ́kọ́, iye yẹn ò tó láti ṣèpàdé, wọ́n tún ìbò dì. Àwọn kan ń fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dáa lójú mi ju kí wọ́n fi ẹni tí àwọn èèyàn ò fọkàn tán kún àga lọ.

Èyí tó kù tí a ò tíì rí ojútùú ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa ni ti àwọn Yorùbá tó wà ní Benin, àwọn ará Kétu, ará Ìtàkété. Yorùbá ni wọ́n ń sọ bíi tiwa, ṣùgbọ́n Faransé ni wọ́n fi kàwé, álífábẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń kọ Yorùbá sì yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwa, gbogbo òfin tá à ń túmọ̀ látinú Gẹ̀ẹ́sì, àwa ará Nàìjíríà la máa ń ní lọ́kàn. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì tí wọ́n bá wá kọ nǹkan, ẹnìkan á ti sáré "tún un ṣe" sí ọ̀nà tiwa, wọ́n á sì lọ. À ń jíròrò ẹ̀ lọ́wọ́ báyìí bóyá ká dá irú ìkọ̀wé wọn mọ̀ ní kíkún àbí ká ṣe méjèèjì pa pọ̀, a sì ti fẹnu kò pé a ò ní pinnu ẹ̀ láìsí wọn níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ lọ́hùn-ún tó ń kọ Yorùbá, ẹ bá wa sọ fún wọn.